Abẹ́rẹ́ Àjẹsára HPV àti Ìbẹ̀rù Àwọn Òbí: Ohun tí Ìjọ Ní Láti Mọ̀

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń pè ní HPV, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, kò sí ìbéèrè kan tí ó ń wọ ọ́fíìsì wa lemọ́lemọ́ tó ti àwọn òbí tí ó ń béèrè pé: ṣé kí a gbà á ni, àbí kí a kọ̀ ọ́? Àwọn ìyá a máa dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi rán ọmọ wọn, ìwé tí bàbá tàbí ìyá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ọ̀kan nínú wọn fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú Bíbélì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò fọwọ́ sí i, kò sì fà á ya. Nígbà tí ó fi pinnu, àwọn nọ́ọ̀sì ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwa kò bá a wí, nítorí kò sí ẹni tí ó jókòó tì í láti ṣàlàyé fún un. Nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ àti nítorí àwọn àlùfáà tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń tọ̀ lọ ni a ṣe kọ àkọsílẹ̀ yìí.

Àrùn tí a fẹ́ dènà

Àrùn tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí àjọ tí ó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde fún ọdún 2020, nǹkan bí obìnrin 12,000 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà lọ́dún náà, nǹkan bí 8,000 ni ó sì kú. Bí a bá pín in sí ọjọ́, obìnrin bí 22 ni lójúmọ́ kan. Àwọn tí ó ń pa kì í ṣe arúgbó nìkan; àwọn ìyá tí ó ṣì ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ wà nínú wọn.

Àrùn náà kì í pariwo nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àmì rẹ̀ bá fi hàn, bí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ̀jẹ̀ láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì, ẹ̀jẹ̀ lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, omi tí ó ń rùn láti ojú ara, tàbí ìrora ní ìsàlẹ̀ ikùn, ó ti lè pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ojú sì ń ti àwọn obìnrin wa láti sọ ọ́.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan níhìn-ín. Lára iṣẹ́ ọ́fíìsì wa ni kíkọ ìkéde ìpapòdà àwọn ọmọ ìjọ. Gbólóhùn tí àwọn ẹbí máa ń ní kí a kọ ni “lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́.” A ti kọ ọ́ fún obìnrin kan tí ó fi ọdún mẹ́ta rí ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kí ó máa rí, tí ó ń gba ààwẹ̀, tí ó ń ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, tí ó sì ń jókòó sí ìlà ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì nítorí òórùn tí ó ń bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn yóò gbọ́. Àìsàn náà kò ráńpẹ́ rárá. Ọmọ mẹ́rin ni ó fi sílẹ̀, méjì nínú wọn sì jẹ́ obìnrin.

Ohun tí ó ń fa jẹjẹrẹ yìí kì í ṣe àdììtú mọ́. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ni òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣàwárí lọ́dún 1983 àti 1984 pé irú méjì nínú kòkòrò àìfojúrí HPV, èyí tí a fi nọ́ńbà 16 àti 18 dá mọ̀, wà nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Lọ́dún 2008 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ náà. Irú méjì yìí ni ó ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ní gbogbo ayé. Kòkòrò HPV pọ̀ dé ibi pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú tọkùnrin tobìnrin tí ó ti mọ ìbálòpọ̀ ni yóò ní irú rẹ̀ kan nígbà kan láyé wọn, tí wọn kò sì ní mọ̀. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ara fúnra rẹ̀ a máa lé e jáde láàárín ọdún méjì. Lára àwọn díẹ̀ tí kò bá lọ, ó lè gbà á tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n lára obìnrin tí kòkòrò HIV wà lára rẹ̀ tí kò gba ìtọ́jú, ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá lè tó.

Bí abẹ́rẹ́ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lánàá. Ọdún 2006 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Orílẹ̀-èdè Australia bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́dún 2007, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2008. Rùwáńdà ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin káàkiri ilẹ̀ rẹ̀, lọ́dún 2011, tí ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú ọmọbìnrin mẹ́wàá tí ó yẹ kí ó gbà á tí ó sì gbà á. Nígbà tí tiwa yóò fi dé, àwọn ọlọ́wọ́ láàárín wa ti ń ra á fún àwọn ọmọ wọn ní ilé-ìwòsàn aládàáni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ mẹ̀kúnnù ni kò rí i gbà.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba ṣí ètò náà ní ìpínlẹ̀ 15 àti Àbújá, pẹ̀lú èrò láti dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin mílíọ̀nù 7.7. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú àwọn àkọ́kọ́ wọ̀nyí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni ó kan ìpínlẹ̀ 21 tí ó kù, Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì àti Kwárà sì wà lára wọn. Àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni wọ́n kọ́kọ́ fún, lẹ́yìn èyí ni ó di ohun tí a ń fún ọmọbìnrin tí ó bá ti pé ọdún 9 pẹ̀lú àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára yòókù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ṣùgbọ́n ìwádìí, títí kan èyí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní Kẹ́ńyà tí wọ́n sì tẹ̀ jáde lọ́dún 2022, fi hàn pé ẹyọ kan ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Lọ́dún náà gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí àwọn orílẹ̀-èdè lè lo ẹyọ kan.

Kò sí kòkòrò HPV nínú abẹ́rẹ́ yìí, ìbáà ṣe alààyè tàbí òkú. Ohun tí ó wà níbẹ̀ jọ awọ òde kòkòrò náà nìkan, bí ẹni fi ẹ̀wù olè han àwọn ọdẹ tí ó ń ṣọ́ àdúgbò, kí wọ́n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tí ó bá wọlé. Nítorí náà abẹ́rẹ́ náà kò lè fún ọmọ ní HPV, kò sì lè fún un ní jẹjẹrẹ.

Àwọn ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù

Ẹ̀rù àkọ́kọ́, èyí tí a ń gbọ́ jù lọ láàárín àwọn bàbá, ni pé abẹ́rẹ́ náà yóò ṣí ojú ọmọ sí ìṣekúṣe. “Ọmọ mi kò mọ ọkùnrin, kí ni ó fẹ́ fi ṣe?” Àwa náà ní ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ náà sì yé wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í lé kòkòrò tí ó ti wọ ara jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ó tó dé. Nítorí pé ọmọ náà kò mọ ọkùnrin gan-an ni ó fi jẹ́ àkókò rẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ara ọmọ ọdún mẹ́wàá ń dáhùn sí i ju ti ọ̀dọ́ ogún ọdún lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí a kì í fẹ́ sọ lórí pẹpẹ. Ọmọbìnrin lè pa ara rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ó sì gba kòkòrò yìí lára ọkọ tí ó fẹ́ ẹ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ níwájú ìjọ, ọkọ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun gbé e wá láti ìgbà èwe rẹ̀. Ìwà mímọ́ ọmọ wa kò lè dáhùn fún ìgbésí ayé ẹlòmíràn. Ní ti pé bóyá abẹ́rẹ́ náà ń mú kí ọmọbìnrin tètè mọ ọkùnrin, wọ́n ti wo èyí ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2012 tọ àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ọmọbìnrin tí ó lé ní 1,300 lẹ́yìn fún bí ọdún mẹ́ta, láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọ ọdún 11 tàbí 12. Oyún àti àrùn ìbálòpọ̀ kò pọ̀ láàárín àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ náà ju láàárín àwọn tí kò gbà á lọ.

Ẹ̀rù kejì ni ti àgàn. Ó ká àwọn ìyá lára púpọ̀, kò sì yani lẹ́nu, nítorí nínú àṣà wa kò sí ohun tí a ń bẹ̀rù fún ọmọbìnrin tó kí ó má rí ọmọ bí. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yàn láti máa ṣọ́ ìléwu abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́dún 2017, nígbà tí iye tí a ti pín káàkiri ayé ti ju mílíọ̀nù 270 lọ, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé ó ń fa àìrọ́mọbí. Ohun tí ó ń gba ilé-ọmọ lọ́wọ́ obìnrin ni jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ìtọ́jú rẹ̀ lè jẹ́ kí a gé ilé-ọmọ kúrò, tàbí kí a fi ìtànṣán sun ún.

A ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Lọ́dún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya dáwọ́ oògùn tí a ń kán sí ọmọdé lẹ́nu nítorí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ dúró, nítorí àhesọ pé yóò sọ àwọn ọmọ di àgàn. Àrùn náà tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ọdún 2020 kí wọ́n tó kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀ ti ìgbẹ́. Àwọn ọmọ tí a kán oògùn náà sí lẹ́nu nígbà náà ti di ìyá àti bàbá ọmọ lónìí, ẹ sì lè kà wọ́n nínú ìjọ yín.

Àmọ́ a kò gbọdọ̀ sọ pé òmùgọ̀ ni àwọn tí ó ń bẹ̀rù. Lọ́dún 1996, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ènìyàn ní Kánò, ilé-iṣẹ́ olóògùn Pfizer dán oògùn tuntun kan tí a ń pè ní Trovan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Àwọn ẹbí sọ pé a kò ṣàlàyé fún wọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́ títí di ọdún 2009, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ṣe àdéhùn lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Irú ìrántí bẹ́ẹ̀ kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Èyí tí a lè sọ ni pé abẹ́rẹ́ HPV tí ó wá bá wa lọ́dún 2023 kì í ṣe ìdánwò. Àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ àti ọmọ òyìnbó ti gbà á fún ọdún mẹ́tàdínlógún kí ó tó kan ọmọ tiwa. Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ ní gbangba nígbà tí wọ́n ń ṣí ètò náà pé àwọn ọmọbìnrin òun fúnra òun ti gbà á.

Àwọn kan tún ń béèrè pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọ̀fẹ́. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó san owó rẹ̀: ìjọba àti àjọ Gavi, tí ó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ láti ra abẹ́rẹ́ àjẹsára, ni ó san án. Abẹ́rẹ́ èéyi tí a ń gún fún àwọn ọmọ wa láti ọdún pípẹ́ náà, ọ̀fẹ́ ni, a kò sì bi ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀.

Nípa ewu tí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́: apá ọmọ yóò dùn ún, ó lè wú, orí lè fọ́ ọ, ara rẹ̀ sì lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ara líle tí ó kọ abẹ́rẹ́ lójijì, èyí tí ó nílò ìtọ́jú kíákíá, ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ìgbìmọ̀ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí 1.7 nínú mílíọ̀nù kan. A kì í fún aláboyún.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin fúnra wọn

Nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ó dà bí ẹni pé a gbàgbé ẹni tí ó ni apá. Àwọn ọmọbìnrin ní ìbẹ̀rù tiwọn. Àwọn kan ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ lásán. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá gbà á, àwọn ẹgbẹ́ wọn yóò sọ pé wọ́n ti ń ṣe nǹkan. Ọmọ ọdún 13 kan bi olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni ó bi, nítorí wọn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé.

Ó yẹ kí òbí mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn ọ̀dọ́ a máa dákú nígbà tí a bá gún wọn lábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ yòówù kí ó jẹ́. Ìbẹ̀rù ni ó ń fà á, kì í ṣe oògùn inú rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ṣubú níwájú àwọn yòókù tí ó wà lórí ìlà, èkejì lè ṣubú pẹ̀lú. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Carmen de Bolívar ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà lọ́dún 2014, nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọbìnrin ń dákú ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìwádìí ìjọba kò rí i pé abẹ́rẹ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n àwòrán wọn ti kárí ayé, ọ̀pọ̀ òbí sì kọ abẹ́rẹ́ náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Japan ni ó yẹ kí àwa olórí ìjọ fi kọ́ ẹ̀kọ́. Lọ́dún 2013, nítorí ìròyìn nípa àwọn ọmọbìnrin tí ó ń ṣàìsàn, ìjọba ibẹ̀ dáwọ́ gbígba àwọn òbí níyànjú dúró. Wọn kò fi òfin de abẹ́rẹ́ náà o. Wọ́n kàn dákẹ́ ni. Láti nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọbìnrin tí ó ń gbà á já wálẹ̀ sí ohun tí kò tó ìdá kan. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn òbí níyànjú, ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣírò àdánù náà lọ́dún 2020 sọ pé láàárín àwọn tí a bí láti 1994 sí 2007, ó lè fa ikú obìnrin bí 5,000 tí ì bá má kú.

Ní ìdàkejì rẹ̀, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2021 fi hàn pé láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ náà ní ọmọ ọdún 12 sí 13, jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ dín kù ní ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Scotland, ìwádìí ọdún 2024 kò rí ẹyọ kan ṣoṣo láàárín àwọn tí ó gbà á pé ní ọjọ́ orí náà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé níbẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́, ọkùnrin pẹ̀lú sì ti ń gbà á láti ọdún 2019. Bí ẹ bá ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bi í.

Ibi tí àlùfáà ti wọ ọ̀rọ̀ náà

Àwọn kan ń sọ pé gbígba abẹ́rẹ́ jẹ́ àìní ìgbàgbọ́. A kò fẹ́ jiyàn púpọ̀ lórí èyí. Lúùkù tí ó kọ Ìhìnrere jẹ́ oníṣègùn, a kò sì gbọ́ pé Pọ́ọ̀lù lé e nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì tí ó mú Ìhìnrere wá sí ilẹ̀ Yorùbá kọ́ ilé-ìwòsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn. Àlùfáà tí ó ń gbàdúrà fún aláìsàn tí ó sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ wá di ẹni tí ó ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó.

Ohun tí a ń bẹ̀ àwọn àlùfáà fún kò pọ̀. A kò ní kí wọ́n di dókítà. Kí wọ́n ka ìfilọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ nígbà ìsìn pẹ̀lú ohùn kan náà tí wọ́n fi ń ka ìfilọ̀ ìkórè. Kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ìjọ, kò sí ìjọ tí kò ní, kí ó bá Ẹgbẹ́ Obìnrin sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó sì jókòó láti gba ìbéèrè, títí kan èyí tí ojú ń ti ni láti béèrè. Kí Bàbá Ìjọ má ṣe sá fún ìpàdé náà, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ilé, bàbá ni yóò fọwọ́ sí ìwé. Bí àlùfáà kò bá sì mọ ìdáhùn, kí ó sọ pé òun kò mọ̀, kí ó darí òbí sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀.

Ilé-ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ ni a ti ń gba abẹ́rẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín níbẹ̀, ẹ má san án, ẹ béèrè fún ọ̀gá rẹ̀. Kí ọmọ jẹun kí ó tó lọ, kí ó jókòó nígbà tí wọ́n bá ń gún un, kí ó sì jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gba káàdì, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti ju ọdún 14 lọ, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀. Àwọn ilé-ìwòsàn aládàáni ń tà á, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré.

Ìyá tí ó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ, kí ó bi wọ́n nípa tara rẹ̀ pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ yìí kò lè wo ohun tí ó ti wà lára sàn, àyẹ̀wò ni ti àgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ẹni tí ó ní HIV láti ọdún 25. Ọ̀kan nínú irú àyẹ̀wò náà kò ju pé kí nọ́ọ̀sì fi òwú tí a rì sínú omi kíkan, irú èyí tí ó wà nínú ọtí kíkan, kan ibẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá yóò funfun. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, bí ó bá sì rí ohun kan, a lè tọ́jú rẹ̀ kí ó tó di jẹjẹrẹ. Àwọn obìnrin tí ó bá ń rí èyíkéyìí nínú àmì tí a sọ lókè kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò ìjọ. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí wọ́n lọ.